Àpìkẹ́ Tó Da Ogójì Òrùka Láìkí Ẹnikẹ́ni

Kò sí ẹni tó mọ Àpìkẹ́ jù mí lọ ní gbogbo Òkè Fìà, kò sì sí ẹni tó lè sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ kó yé ọmọ aráyé bí mo ṣe fẹ́ sọ ọ́ yìí. Ọ̀ṣuntókun ni orúkọ mi. Kíláàsì mẹ́ta péré ni mo kà níléèwé. Ìyókù ọgbọ́n orí mi, èmi fúnra mi ni tíṣà tó kọ́ mi. Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni mo fi ṣe iṣẹ́ rélùwéè. Mo lè jókòó sí Òṣogbo níbí kí n gbọ́ ẹ́ńjìnnì tó ń bọ̀ láti Ẹdẹ, kí n sì sọ irin tó ń dùn ún nínú. Ẹni tí kò bá gbà mí gbọ́, kó lọ bi àwọn ọ̀gá mi. Gbogbo wọn ti kú, ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀ pé òótọ́ ni.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun ni Àpìkẹ́. Bàbá rẹ̀ ń kírun, ìyá ìyá rẹ̀ ń bọ Ọ̀ṣun, inú ìkòkò kan náà ni gbogbo wọn ti ń jẹun. Mọ́nsúrátù ni wọ́n sọ ọ́ lọ́jọ́ kẹjọ, ṣùgbọ́n oríkì rẹ̀ ló mọ́ aráyé lẹ́nu. Láti kékeré ló ti ń fi àbẹ́là yíyọ́ ya iṣẹ́ sára aṣọ kí wọ́n tó rẹ ẹ́ sínú aró. Ẹni tó bá ń ṣe iṣẹ́ yẹn gbọ́dọ̀ mọ bí ooru ṣe ń rìn. Bí àbẹ́là bá tutù jù, orí aṣọ lásán ló máa jókòó sí, aró á gba abẹ́ rẹ̀ wọlé. Bó bá gbóná jù, á ṣàn kọjá ibi tí wọ́n rán an. Àpìkẹ́ kì í wo iná. Á kán ẹyọ kan sí ẹ̀yìn ọwọ́ ara rẹ̀, á dákẹ́ díẹ̀, á ní, "Ó ti tó," tàbí, "Kò tíì tó." Mi ò rí i kó ṣì í rí.

Ọwọ́ yẹn ni Fọláránmi rí tó fi gbà á síṣẹ́. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà ni Fọláránmi, ẹnjiníà ni, àbígbẹ̀yìn ìyá rẹ̀, kò tíì pé ogójì ọdún. Ó dá ilé iṣẹ́ kékeré kan sílẹ̀ ní iwájú ilé ìyá rẹ̀ ní Òkè Fìà, ọ̀ọ́kán ilé tèmi gan-an. Òrùka tánganran ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀, ó fẹ̀ díẹ̀ ju ẹnu ìgò lọ. Inú pọ́ǹpù kànga ẹlẹ́rọ ni wọ́n ń fi í sí, kí omi má baà jò gba ìdí ọ̀pá tó ń yí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, torí ẹni tí kò bá mọ èyí kò ní mọ ohun tó fẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ Àpìkẹ́. Ẹ̀tù funfun kan wà tó le ju òkúta lọ. Wọ́n á pò ó mọ́ àbẹ́là yíyọ́ títí á fi ki bí ẹ̀kọ gbígbóná; amọ̀ ni wọ́n ń pè é. Ẹ̀rọ afẹ́fẹ́, irú èyí tí àwọn fọganáísà fi ń fẹ́ táyà, á ti amọ̀ náà láti inú ìkòkò wọ inú mọ́ọ̀dù irin tó pín sí méjì. Bó bá ti dì, wọ́n á ṣí mọ́ọ̀dù, òrùka á bọ́. Wọ́n á wá rọra fi ooru yọ àbẹ́là kúrò lára rẹ̀ fún ọjọ́ méjì, kí wọ́n tó gbé e sínú ìléru tó máa sun ún di tánganran.

Mọ́ọ̀dù yẹn ni ọ̀gá gbogbo wọn. Omi gbígbóná ń ṣàn gba inú ihò tí wọ́n lu sí ara irin rẹ̀. Láti inú dúrọ́ọ̀mù kan tó wà lórí iná gáàsì ni omi náà ti ń wá, tẹmómítà sì wà nínú dúrọ́ọ̀mù. Bí irin bá gbóná jù, òrùka á lẹ̀ mọ́ ọn, ikùn rẹ̀ á jìn. Bó bá tutù jù, ibẹ̀ ni aburú wà. Ọ̀pá kan dúró láàárín mọ́ọ̀dù, òun ló ń fún òrùka ní ihò. Amọ̀ tó bá wọlé á pín sí méjì, apá kan á gba ọ̀tún ọ̀pá, apá kejì á gba òsì, wọ́n á pàdé lẹ́yìn. Nígbà tí irin bá tutù, ojú amọ̀ méjèèjì á ti máa dì kí wọ́n tó pàdé. Wọ́n á fara kanra, wọn ò ní di ọ̀kan. Ojú kò ní rí i, èékánná kò ní mọ̀ ọ́n. Ó di ìgbà tó bá jáde nínú iná kó tó là.

Àpìkẹ́ bẹ̀rẹ̀ nídìí ẹ̀rọ yìí ní oṣù kẹrin ọdún tó kọjá. Òjò rọ̀, òjò dá, òrùka rẹ̀ ń jáde ní pípé. Ó ti kó gbogbo ohun èlò àdìrẹ rẹ̀ fún àbúrò rẹ̀, torí ó ti gbà pé iṣẹ́ tí òun máa ṣe dọjọ́ alẹ́ nìyí. Ìgbà náà ni ọyẹ́ dé.

Oníbàárà kan ní Iléṣà, tó ń ta pọ́ǹpù, ní kí wọ́n ṣe ogójì òrùka fún òun. Ó ní bí méjì bá fọ́ nínú rẹ̀, òun á gbà á, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ ju méjì lọ. Àpìkẹ́ da ogójì. Nígbà tí wọ́n sun ún tán, ó bu aró díẹ̀ láti ilé àbúrò rẹ̀, ó ń rì wọ́n sínú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń nù wọ́n. Èyí tó bá pé á funfun padà bí eyín ọmọdé. Èyí tó bá là, aró á wọ ibi tó là, ìlà dúdú tín-ín-rín kan á kù sí ẹ̀yìn rẹ̀ tí aṣọ kò lè nù kúrò. Mọ́kànlá ló là.

Fọláránmi wo tẹmómítà, ó rí i pé méjìlélógójì ni omi wà, bó ṣe yẹ. Ó ní kí Àpìkẹ́ gbé e sókè dé àádọ́ta. Wọ́n tún da ogójì mìíràn. Lọ́tẹ̀ yìí, mẹ́fà lẹ̀ mọ́ irin tí ikùn wọn jìn, mẹ́sàn-án sì tún là. Irin kan náà ló gbóná jù, òun náà ló tún tutù jù. Mo ti rí ọ̀pọ̀ ohun ìyanu nídìí rélùwéè, ṣùgbọ́n èyí dojú rú mọ́ mi lọ́wọ́ fún odidi ọjọ́ kan.

Mo wà níbẹ̀ nígbà tí Fọláránmi bi í léèrè. Kò pariwo, èyí ló sì ba ni lẹ́rù.

"Àǹtí Àpìkẹ́, ṣé ẹ fi ẹ̀rọ sílẹ̀ lọ síbì kan ni?"

"Mi ò kúrò nídìí rẹ̀, Ẹnjiníà."

"Ẹ ò gba fóònù?"

"Inú báàgì ni fóònù mi wà láti àárọ̀."

"Ẹ ò jókòó jẹun?"

"Bí mo bá jẹun, ẹ bi Bàbá tó máa ń jókòó síbí."

Mo ní kò jẹun. Òótọ́ ni. Fọláránmi fi ọwọ́ pa ojú rẹ̀.

"Ẹ̀tù tó kù nílé yìí kò ju ti ogójì lọ," ó ní. "Mo ti bẹ àwọn ará Iléṣà títí. Ẹ dà á lọ́jọ́ Ẹtì. Bó bá là ju méjì lọ, Tìmí ló máa gba ẹ̀rọ lọ́wọ́ yín. Mi ò lè mú ẹ̀yin méjèèjì, ẹ sì mọ̀ bẹ́ẹ̀."

Tìmí jẹ́ ọmọ àbúrò bàbá rẹ̀, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìwé ẹ̀rí. Àpìkẹ́ ká aṣọ ìnuwọ́ rẹ̀, ó ká a lẹ́ẹ̀kejì, ó tún tú u.

Lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, ó wá bá mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé mi. Ó di òrùka mọ́kànlá àkọ́kọ́ tó là sínú ìborùn, ó tò wọ́n sórí bẹ́ǹṣì níwájú mi. Mo gbàgbé láti sọ pé bó bá ti da òrùka kan, ó máa ń fi pẹ́ńsùlù kọ nọ́ńbà sí i kó tó di pé ó gbé e kalẹ̀. Bí wọ́n bá jó o tán, á tún kọ nọ́ńbà náà padà bí wọ́n ṣe tò ó.

"Bàbá, ẹ bá mi wò ó. Ìkẹrin, ìkẹsàn-án, ìkọkànlá, ìkẹtàdínlógún. Wọn ò tẹ̀ léra wọn, wọn ò sì jìnnà síra wọn bákan náà. Bó bá jẹ́ omi ló tutù, gbogbo wọn ni ì bá là."

Mo gbé ìkẹsàn-án, mo yí i wò. Mo bi í pé kí ló rántí nípa rẹ̀.

Ó rò ó. "Ìkẹsàn-án, ẹ̀yin lẹ wọlé nígbà yẹn. Ẹ ń sọ ti ọkọ̀ tó fi ojú irin sílẹ̀ ní Ọ̀fà, tí ẹ nìkan gbé e padà."

"Èmi àti ọkùnrin méjì ni," mo ní, torí mi ò fẹ́ràn àbùmọ́.

"Ìkẹtàdínlógún, Ìyá Sànúsí ló ń lọ pọn omi. Ó bi mí léèrè ọmọ mi tó wà ní Ìwó."

"Kí lo ṣe nígbà tí a wọlé?"

Ó wò mí bí ẹni tí wọ́n bi pé kí ló fi ń mí. "Mo kúnlẹ̀ kí yín."

"Mọ́ọ̀dù ńkọ́?"

Mo rí i tí ojú rẹ̀ kúrò lára mi lọ sí ọ̀ọ́kán títì, sí ẹnu ọ̀nà ilé iṣẹ́ náà, tí ó dúró síbẹ̀.

"Ó wà ní ṣíṣí," ó ní.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ má rẹ́rìn-ín. Ilé yẹn, kànga gbogbo ayálégbé wà lẹ́yìn rẹ̀, inú ilé iṣẹ́ náà sì ni ọ̀nà kànga gbà kọjá. Láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ ni àgbà ń gba ibẹ̀ lọ, tí wọ́n ń gba ibẹ̀ bọ̀. Ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé kì í fi ẹ̀yìn kí àgbà. Àpìkẹ́ á fi nǹkan ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, á kúnlẹ̀ dáadáa, á sì dáhùn ilé ńkọ́, ọ̀nà ńkọ́, ọmọ ńkọ́, kó tó dìde. Irin á la ẹnu sílẹ̀, ọyẹ́ tó ń gba ọ̀nà kànga á máa fẹ́ sí i lójú. Omi inú dúrọ́ọ̀mù kò mọ̀, tẹmómítà kò mọ̀, ṣùgbọ́n ojú irin tó máa fara kan amọ̀ ti tutù. Ní ìgbà òjò, atẹ́gùn ibẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́, nǹkan kan kì í ṣe é. Nígbà tí Fọláránmi sì bi í bóyá ó fi ẹ̀rọ sílẹ̀, òótọ́ ló sọ pé òun kò fi í sílẹ̀. Ta ló ń ka kíkí àgbà mọ́ fífi iṣẹ́ sílẹ̀? Fọláránmi tó ń béèrè gan-an, Àpìkẹ́ ti kúnlẹ̀ kí i lójú wa torí pé ọ̀gá ni, kò sì rí i.

A fi orúkọ èèyàn sí àwọn òrùka náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Nínú mọ́kànlá, méje jẹ́ tèmi. Mo sọ ọ́ láìtijú, torí kì í ṣe gbogbo èèyàn ni wọ́n ń kúnlẹ̀ kí pẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Fọláránmi rẹ́rìn-ín nígbà tí ó gbọ́. "Ìkíni ló ń fọ́ tánganran?" Nígbà tó rí i pé obìnrin náà kò rẹ́rìn-ín, ó ní kó dà á bó ṣe yé e, pé ẹni tó bá ń rì kì í yan igi tó máa dì mú.

Ẹ lè ní kí wọ́n ti ilẹ̀kùn. Èéfín àbẹ́là àti iná gáàsì á fún wọn lọ́rùn pa. Ẹ lè ní kí ó da èyí tó bá fura sí padà sínú ìkòkò. Amọ̀ tó bá ti dì lẹ́ẹ̀kan máa ń gbé afẹ́fẹ́ wọlé, àfi kí wọ́n rò ó di ọjọ́ kejì, oníbàárà kò sì ní dúró dè é. Mo kọ pátákó kan pẹ̀lú ọwọ́ ara mi, mo ní, "Ẹ má kí ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ." Pátákó náà dára tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn tí kì í gba ibẹ̀ kọjá tẹ́lẹ̀ fi wọlé wá béèrè ìtumọ̀ rẹ̀. Mo yọ ọ́.

Nítorí náà, lọ́jọ́ Ẹtì, mo gbé àga mi sí ẹnu ọ̀nà kànga. Mo sọ fún Àpìkẹ́ pé gbogbo kíkí tó bá wọlé lónìí, èmi ni mo máa gbà á. Ó kàn gbọdọ̀ kọ ẹ̀yìn sí ọ̀nà, kó má yíjú.

"Àwọn èèyàn á ní mo ti ya ìyàkuyà, Bàbá."

"Kí wọ́n wí. Ìwọ ṣáà da òrùka rẹ."

Fọláránmi ti lọ sí Iléṣà láti lọ bá oníbàárà jókòó. Àwa méjì nìkan la wà níbẹ̀. Ó ti ìkìnní, ó kà á dé ogún, ó ṣí i, ó yọ ọ́, ó kọ nọ́ńbà, ó pa á dé. Ọwọ́ rẹ̀ kò yára, kò sì lọ́ra. Nígbà tí Ìyá Sànúsí gbé korobá dé, mo dìde fún un.

"Ìyá Sànúsí, ẹ kú ọyẹ́. Ẹ má bínú, eyín ló ń dun Àpìkẹ́, kò lè la ẹnu."

"Eyín kẹ̀? Ẹ ní kó kọ ojú sí mi kí n wò ó."

"Tó bá kọ ojú sí yín, atẹ́gùn á wọ̀ ọ́."

Ó mi orí, ó lọ. Kò pẹ́ tó fi padà pẹ̀lú ewé tó ti gún, ó ní kí ó fi sẹ́nu lójú òun. Mo gba ewé náà, mo ní èmi náà ní eyín tó ń dùn mí, mo fi sẹ́nu ara mi. Ó korò títí dé ọ̀fun. Alhaja tó ń gbé yàrá ẹ̀yìn, mo sọ fún un pé àdúà kan ló ń gbà tí kò gbọdọ̀ já. Ó ní kí Ọlọ́run gbà á, ó rọra kọjá. Ó kù díẹ̀ kí n gbà á gbọ́ fúnra mi.

Àmọ́ ẹ̀yìn ọrùn Àpìkẹ́ ni mo ń wò. Gbogbo ìgbà tí ẹnì kan bá kí i tí kò dáhùn, iṣan ibẹ̀ á le. Ó ti pé ọdún mẹ́tàlélógójì tí orúnkún yẹn ti ń tẹ̀ fún àgbà. Ara rẹ̀ ń bá a jà. Ogún pé. Ọgbọ̀n pé. Òógùn ń kán sílẹ̀ lágbọ̀n rẹ̀ nínú ọyẹ́.

Òrùka kẹtàdínlógójì ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́, ó ń kọ nọ́ńbà sí i, mọ́ọ̀dù wà ní ṣíṣí níwájú rẹ̀, nígbà tí mo gbọ́ ohùn kan láti ìhà títì, níbi tí mi ò kọ ojú sí.

"Ẹ kú uṣẹ́ o, ará ulé."

Ìyá Fọláránmi ni. Wọ́n ń pè é ní Màmá Àgbékẹ́, ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, òun ló ni ilé tí a wà nínú rẹ̀. Ó ti padà sí Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú, kì í sì í wá láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ fóònù. Lọ́jọ́ yẹn, kò fóònù. Ó dúró pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀ àti ìborùn funfun, ó ń wo ẹ̀yìn Àpìkẹ́.

"Ẹ káàbọ̀, Màmá," mo ní. "Ẹ kú ọ̀nà. Eyín…"

"Mi ò bá ọ sọ̀rọ̀, Bàbá. Obìnrin yìí ni mo kí."

Àpìkẹ́ kò yíjú. Pẹ́ńsùlù dúró lórí òrùka.

"Ṣé kò gbọ́ ni?"

"Ó gbọ́, Màmá. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni…"

"Ó gbọ́." Màmá tún gbólóhùn náà sọ jẹ́jẹ́, bí ẹni ń tọ́ ọbẹ̀ wò. "Ó gbọ́, ó sì kọ ẹ̀yìn sí mi. Nínú ulé tí èmi àti ọkọ mi fi orí ru yanrìn rẹ̀." Ó ń bọ̀. Ọ̀pá rẹ̀ ń dún lórí sìmẹ́ńtì.

Mo rí orúnkún Àpìkẹ́. Ó tẹ̀. Ó ti ń lọ sílẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ti kúrò lára irin, ìyẹn ni pé gbogbo rẹ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn, torí bí ó bá kúnlẹ̀ fún ìyá yìí, ìbéèrè ilé àti ọ̀nà kò ní tán kí oòrùn tó wọ̀.

Ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin ni mí. Mi ò dọ̀bálẹ̀ fún ọ̀gá òyìnbó nígbà ayé mi. Mo ju fìlà nù, mo nà gbalaja sílẹ̀ níwájú ẹsẹ̀ Màmá, àyà mi lu sìmẹ́ńtì, ewúrẹ́ tó wà ní ẹnu ọ̀nà sá. Kò sí ọ̀nà tó lè gbà kọjá àfi kó gun orí ẹ̀yìn mi.

"Àpìkẹ́ ló ní kí n kí yín," mo sọ láti ilẹ̀. "Èmi ni mo ń bá a kí yín. Ẹ kú ọ̀nà, ẹ kú àrìnjò, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kú ará Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà."

"Bàbá, dìde. Kí ni gbogbo eléyìí? Ṣé àwọn tó wà ní ulé yìí ti ya wèrè ni?"

Mi ò dìde. Mo yí ọrùn díẹ̀, mo rí Àpìkẹ́. Orúnkún rẹ̀ ti nà padà. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀ kan ojú irin, bó ṣe máa ń kán àbẹ́là sí i nígbà èwe. Ohun tó rí níbẹ̀ kò dùn mọ́ ọn. Mo rò pé á yára ti amọ̀ wọlé kí irin tó tún tutù sí i. Ohun tí èmi ì bá ṣe nìyẹn, ohun tí gbogbo èèyàn ì bá ṣe nìyẹn. Kò ṣe é. Ó pa mọ́ọ̀dù dé lófìfo. Ó fi ọwọ́ méjèèjì lé e. Ó dúró.

Ó kàn dúró ni. Kò ti nǹkan kan, kò fa nǹkan kan. Ètè rẹ̀ ń mì. Omi gbígbóná ń gba inú irin náà lọ, ó ń gba ibẹ̀ bọ̀, Àpìkẹ́ sì ń dúró kí ojú tó tutù náà padà bọ̀ sípò.

Màmá rí i. Èyí ló burú jù. Obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ lójú méjèèjì, èèyàn lè fi orí jì í. Ṣùgbọ́n èyí dúró lásán, ọwọ́ rẹ̀ dilẹ̀, síbẹ̀ kò yíjú.

"Kò ṣe nǹkan kan," Màmá ní. "Bàbá, wò ó. Kò ṣe nǹkan kan, kò sì kí mi."

Eruku ti wọ ẹnu mi. Ó pẹ́, ó pẹ́ bí ìgbà tí wọ́n ń dúró de ọkọ̀ tí kò ní dé. Àpìkẹ́ fa ọwọ́ afẹ́fẹ́, amọ̀ wọlé, ó ka ogún, ó yọ ìkejìdínlógójì, ó kọ nọ́ńbà sí i. Ó da ìkọkàndínlógójì. Ó da ogójì. Ó pa iná. Ìgbà yẹn ló tó yípadà, ó sì wólẹ̀ lórí orúnkún méjèèjì, iwájú orí rẹ̀ kan ilẹ̀.

Màmá ti wọ yàrá rẹ̀ lọ. Ó ti ilẹ̀kùn.

Nígbà tí Fọláránmi dé láti Iléṣà, ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ ló kọ́kọ́ wọ̀. A gbọ́ ohùn ìyá náà, a kò gbọ́ tirẹ̀. Ó jáde, ó dúró ti Àpìkẹ́ tó ń to òrùka sínú ẹ̀tù mìíràn, èyí tó máa ń fa àbẹ́là mu nínú ooru.

"Màmá ní kí ẹ máa lọ ilé, ì báà pé, ì báà fọ́."

"Kí lẹ wí sí i, Ẹnjiníà?"

"Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí iná kọ́kọ́ sọ̀rọ̀." Kò wo ojú rẹ̀. "Ṣùgbọ́n bí èyí tí ẹ dà lójú wọn bá là, Àǹtí Àpìkẹ́, mi ò ní ẹnu tí mo máa fi bẹ̀ wọ́n."

Ọjọ́ márùn-ún ni wọ́n fi yọ àbẹ́là, tí wọ́n fi sun ún, tí ìléru sì tutù. Màmá kò padà sí Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà. Láràárọ̀ ni Àpìkẹ́ ń lọ kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀, láràárọ̀ ni ilẹ̀kùn ń wà ní títì. Mo bá a lọ lẹ́ẹ̀mejì. Wọn ò ṣí i fún èmi náà, ẹni tó lu àyà mọ́ sìmẹ́ńtì.

Lọ́jọ́rú, wọ́n ṣí ìléru. Ilẹ̀kùn yàrá ṣí pẹ̀lú. Màmá jáde wá pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀, ó jókòó sórí àga mi láìbéèrè. Àpìkẹ́ kúnlẹ̀ kí i. Kò dáhùn.

Wọ́n gbé aró sórí tábìlì. Àpìkẹ́ rì ìkìnní, ó nù ún. Ìlà dúdú kan dúró sí ẹ̀yìn rẹ̀. Fọláránmi mí kanlẹ̀. Àpìkẹ́ ní irin kò tíì gbóná dénú nígbà tó da ìyẹn, ohùn rẹ̀ sì kéré. Ìkejì funfun. Ìkẹta funfun. Ó ń rì, ó ń nù. Ogún kọjá. Ọgbọ̀n kọjá. Ẹyọ kan péré ló ṣì là. Ìkẹtàdínlógójì funfun.

Ó na ọwọ́ sí èyí tó kàn, òrùka náà sì já bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ sínú aró.

"Ṣé èyí ni tèmi?" Màmá béèrè.

"Òun ni, Màmá."

"Gbé e wá."

Fọláránmi fi ṣíbí yọ ọ́, ó gbé e fún un. Aró ń kán sí ara ìró rẹ̀, kò bìkítà. Ó fi etí ìborùn funfun rẹ̀ nù ún, ó yí i, ó tún nù ún, ó gbé e sún mọ́ ojú, ó gbé e jìnnà. Ó fi ìka lọ gbogbo ẹ̀yìn rẹ̀.

"Kò sí nǹkan kan lára eléyìí," Màmá ní.

Ó gbé e lé orí itan rẹ̀. "Nígbà tí o dúró lásán yẹn, kí lò ń ṣe?"

"Mò ń kà, Màmá. Mo fẹ́ kà á dé ọgọ́rùn-ún kí irin lè gbóná padà."

"O ka ọgọ́rùn-ún, o kò lè yọ ẹyọ kan nínú rẹ̀ fi dá mi lóhùn?"

"Ẹ̀rù bà mí pé mo máa gbàgbé ibi tí mo kà dé."

Màmá wo ọmọ rẹ̀, ó wò mí, ó wo irin náà. Ó fi imú rẹ́rìn-ín díẹ̀, irú èyí tí Ìjẹ̀ṣà máa ń rín bí wọ́n bá fẹ́ dárí jini tí wọn kò fẹ́ kó hàn. "Nu méjì tó kù, kí o sì wá kí mi dáadáa. Mo fẹ́ gbọ́ nípa ọmọ rẹ."

Méjì tó kù funfun. Fọláránmi lọ síta láti fóònù sí Iléṣà. Nígbà tó padà, ó bá Àpìkẹ́ lórí ìkúnlẹ̀, ó ń sọ ti ọmọ rẹ̀ tó wà ní Ìwó fún Màmá, kò sì dá wọn lẹ́nu. Ó kàn ní, "Àǹtí, lọ́jọ́ Ajé, ẹ tètè tan iná omi," ó kọjá lọ.

Ohun tí ọjọ́ yẹn kọ́ wọn nídìí ẹ̀rọ kò ju èyí lọ: kí irin kọ́kọ́ pa ẹnu dé kí wọ́n tó kí àgbà, kí wọ́n sì ka ọgọ́rùn-ún lẹ́yìn ìkíni kí amọ̀ tó wọlé. Ẹni tó bá wọ ibẹ̀ báyìí, á gbọ́ kí mọ́ọ̀dù dún gbàmù, lẹ́yìn náà ló máa rí Àpìkẹ́ lórí orúnkún. Àlejò kan láti Ìkìrun bi mí léèrè lọ́sẹ̀ tó kọjá bóyá bí wọ́n ṣe ń kí àgbà ní Òkè Fìà nìyẹn. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, pé èmi ni mo dá a sílẹ̀.